Ọjọ́ Tí Ìyá Báǹkì Pe Rédíò

Kò sí ẹni tó ń pe télọ̀ yẹn ní orúkọ tí bàbá rẹ̀ sọ ọ́ mọ́. Láti ìgbà tí ọmọ rẹ̀ obìnrin ti di ọ̀gá ẹ̀ka ètò ní Báǹkì Ìdàgbàsókè ìjọba ló ti di Ìyá Báǹkì, orúkọ ọ̀hún sì ń dùn mọ́ ọn létí. Kí n má parọ́ fún yín, òun gan-an ló kọ́kọ́ pe ara rẹ̀ bẹ́ẹ̀ kí àwọn aládùúgbò tó gbà á lẹ́nu rẹ̀.

Tí o bá gbé aṣọ lọ fún un rán, kó tó wọn èjìká rẹ tán, á ti sọ fún ọ pé báǹkì ọmọ òun kì í ṣe irú èyí tí èèyàn ń tò sí kó tó rí owó ara rẹ̀ gbà. "Báǹkì tiwa," á ní, "iṣẹ́ ìlú ló ń ṣe. Àwọn ló yá àwọn oníbúrẹ́dì lówó tí wọ́n fi ra ààrò tuntun. Àwọn ló kọ́ ilé yìnyín fún àwọn apẹja. Iná tó ń tàn nílé ìgbẹ̀bí yẹn, ta lo rò pé ó fà á débẹ̀?" Báǹkì tiwa, ẹ gbọ́ mi! Bí ẹni pé òun náà ní tábìlì níbẹ̀.

Ṣùgbọ́n àdúgbò Ìyá Báǹkì, lórí òkè, kò ní omi. Ìsàlẹ̀ lọ́hùn-ún, lẹ́yìn gáréèjì, ni ẹ̀rọ omi kan ṣoṣo wà, ibẹ̀ sì ni tọmọdé tàgbà ti ń ru kẹ́ẹ̀gì gun òkè bọ̀ láràárọ̀. Ìyàwó mẹkáníìkì tó ń gbé lódìkejì ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà nínú oyún, ó ń rù ú. Òun Ìyá Báǹkì fúnra rẹ̀, pẹ̀lú orúnkún tó ń dùn ún, ó ń rù ú. Ìdí nìyí tó fi jẹ́ pé nígbà tí wọ́n kéde pé báǹkì máa ka ètò ọdún tó ń bọ̀ lórí rédíò, àti pé omi ẹ̀rọ fún àwọn àdúgbò orí òkè wà nínú rẹ̀, obìnrin yìí fọwọ́ sọ̀yà fún gbogbo wọn.

"Ẹ lọ fọkàn balẹ̀ jàre. Ta ló ń kọ ètò náà? Ṣé kì í ṣe èyí tí mo pọ̀n sẹ́yìn mi yìí ni?"

Nǹkan mìíràn tún wà tó fi í lọ́kàn balẹ̀. Ní bí oṣù mélòó kan sẹ́yìn, àwọn olùbẹ̀wò báǹkì ti wá sí àdúgbò náà. Onígbàjámọ̀ àdúgbò, tó rí ọkọ̀ wọn ní gáréèjì, ló sáré wá sọ fún un. Wọn ò sọ fún ẹnikẹ́ni ohun tí wọ́n wá wò, Ìyá Báǹkì sì gbà lọ́kàn ara rẹ̀ pé ilé tí ọ̀gá wọn ti jáde ni wọ́n fẹ́ wá wò, bí ìgbà tí àna bá ń wá wo ilé ìyàwó. Háà! Òun kọ́ ni wọ́n máa bá nínú ìdọ̀tí! Kí wọ́n tó gun òkè dé, ó ti ní kí gbogbo ilé gbálẹ̀ iwájú wọn. Gbogbo kẹ́ẹ̀gì, garawa àti dúrọ́ọ̀mù pátá ló ní kí wọ́n kó wá sẹ́yìn ilé òun, ó sì fi aṣọ bò wọ́n. Ó gbé ẹlẹ́rìndòdò tútù fún àwọn àlejò. Nígbà tí ọ̀kan nínú wọn bi í pé omi ńkọ́, ó rẹ́rìn-ín bí ìyá olówó.

"Omi kẹ̀? Omi ò jẹ́ ìṣòro wa níbí, ọmọ mi. Ẹ mu ẹlẹ́rìndòdò yín."

Ó ń fi ìbẹ̀wò yẹn yangàn títí di àárọ̀ ọjọ́ rédíò.

Lọ́jọ́ náà, ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kún. Onígbàjámọ̀ ti ilé iṣẹ́ rẹ̀ pa wá, ìyàwó mẹkáníìkì gbé àga tiẹ̀ wá, àwọn tí kò ráyè wọlé rọ̀ mọ́ fèrèsé. Bí ohùn ọmọ rẹ̀ ṣe jáde báyìí pé, "Ẹ káàárọ̀ o, gbogbo ẹ̀yin olùgbọ́ wa," ńṣe ni orí Ìyá Báǹkì wú. Ọmọ náà ka iṣẹ́ tí wọ́n ti ṣe lọ́dún yìí, ìyá rẹ̀ sì ń mirí sí ọ̀kọ̀ọ̀kan bí ẹni pé òun ló to bíríkì rẹ̀. Ó wá kan ọdún tó ń bọ̀. Wọ́n máa yá àwọn àgbẹ̀ ní katakata. Wọ́n máa kọ́ ilé ìkọ́ṣẹ́ fún àwọn mẹkáníìkì àti àwọn oníná. Wọ́n máa gbé omi ẹ̀rọ lọ sí àwọn àdúgbò orí òkè, àwọn àdúgbò náà sì nìyí.

Ó kà wọ́n lọ, ó kà wọ́n bọ̀, ó kà wọ́n tán. Tiwọn ò sí níbẹ̀.

Ẹnì kan ní bóyá ó fò ó ni. Ìyàwó mẹkáníìkì ń fọwọ́ ra ikùn rẹ̀. Onígbàjámọ̀, tí kì í fi ọ̀rọ̀ sínú, yọ fóònù, ó tẹ nọ́ńbà ilé iṣẹ́ rédíò, wọ́n sì gbé e.

"Ẹ̀yin ará báǹkì, ẹ kú iṣẹ́ o. Àdúgbò wa lókè gáréèjì, kí la ṣe yín?"

"Ẹ ṣeun, sà," ni ohùn ọmọ Ìyá Báǹkì dáhùn. "Ẹ má bínú, èmi ò lè dáhùn ìyẹn. Èèyàn mi ń gbé ibẹ̀. Òfin wa sì ni pé ibi tí èèyàn ẹni bá wà, tí wọ́n bá ti fẹ́ jíròrò rẹ̀, kéèyàn dìde, kó jáde. Mo jáde lọ́jọ́ náà. Ọ̀gá àwọn olùbẹ̀wò wà níbí, wọ́n á dá yín lóhùn."

"Ó jáde?" Ìyá Báǹkì pariwo. "Ó mọ̀ pé a ò lómi, ó wá jáde? Ó jáde lọ síbo?"

Ohùn ọkùnrin kan ti gba ọ̀rọ̀ lórí rédíò. "Sà, a dé àdúgbò yín. Ó mọ́ tónítóní. A ò rí kẹ́ẹ̀gì ẹyọ kan níta. Màmá kan tiẹ̀ ṣe wá lálejò dáadáa, wọ́n ní omi ò jẹ́ ìṣòro níbẹ̀. Ìyẹn la fi gbé omi náà fún àwọn tó nílò rẹ̀ jù."

Gbogbo ojú yí padà sí Ìyá Báǹkì. Bí ilẹ̀ bá lanu nígbà yẹn, ì bá wọlé sí i tayọ̀tayọ̀.

"Ẹlẹ́rìndòdò yín yẹn," ni onígbàjámọ̀ sọ, "omi wa lẹ gbé fún wọn mu."

Ojú ti obìnrin náà gan-an ni. Ó wo ìyàwó mẹkáníìkì, ó rí bí ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣe wú nínú sálúbàtà, ó sì na ọwọ́ sí fóònù.

"Ẹ má tíì gé e o! Èmi ni màmá tó ṣe yín lálejò. Irọ́ ni mo pa fún yín. A ò lómi, a ò ní ẹ̀kán. Èmi ni mo kó kẹ́ẹ̀gì gbogbo wọn pamọ́, torí mi ò fẹ́ kí ẹ fojú tálákà wò mí. Aláboyún kan jókòó síwájú mi báyìí tó ti ru omi gun òkè láàárọ̀ yìí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ padà wá. Èmi ni kẹ́ ẹ bá wí, ẹ má fi tèmi jẹ wọ́n níyà."

Olóòtú ètò náà ní, "Màmá, ta ni ká pè yín?"

Gbogbo ṣọ́ọ̀bù ń dúró de ìdáhùn tí wọ́n ti mọ̀. Ó wà létè rẹ̀. Ó gbé e mì. Tó bá fẹnu kan ọmọ náà báyìí, wọ́n á ní torí ọmọ ọ̀hún ni àwọn olùbẹ̀wò fi padà wá.

"Télọ̀ lásán ni mí," ó ní.

Ohùn ọmọ rẹ̀ wá jáde, ó ń gbọ̀n.

"Olóòtú, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ kó má baà di ọ̀rọ̀ ẹ̀yìn. Ìyá tó bí mi lọ́mọ ni. Mo mọ ìyá mi, ohun tí wọ́n sọ yẹn ò rọrùn fún wọn rárá. Orí mi wú pé ọmọ wọn ni mí. Ṣùgbọ́n ẹni tó máa dá wọn lóhùn, kì í ṣe èmi."

Ọ̀gá olùbẹ̀wò ní wọn ò tíì fọwọ́ sí ètò náà. Ó ní àwọn ń bọ̀.

Wọ́n wá lóòótọ́. Lọ́tẹ̀ yìí ẹnikẹ́ni ò gbálẹ̀, ẹnikẹ́ni ò sì rí ẹlẹ́rìndòdò. Ìyá Báǹkì gbé kẹ́ẹ̀gì lé ọ̀gá olùbẹ̀wò lọ́wọ́, ó mú un sọ̀ kalẹ̀ lọ sí gáréèjì, wọ́n pọnmi, wọ́n jọ gun òkè padà. Ọkùnrin náà ń mí hẹlẹ, ó ń sọ kẹ́ẹ̀gì kalẹ̀ ṣáá.

"Ẹ rọra o, ọ̀gá mi," ni Ìyá Báǹkì ń sọ fún un. "Aláboyún wa kì í sinmi tó báyìí."

Nígbà tí ọjọ́ tí wọ́n máa ka ètò tí wọ́n ti fọwọ́ sí pé, ṣọ́ọ̀bù tún kún. Ọmọ náà ń ka àwọn àdúgbò lọ, ohùn rẹ̀ já gaara. Lójijì, ó dákẹ́. Wọ́n gbọ́ tí àga fi ẹsẹ̀ wọ́lẹ̀, wọ́n gbọ́ ẹsẹ̀ bàtà, wọ́n gbọ́ tí ilẹ̀kùn ṣí, tó sì padé. Ohùn ọkùnrin ló wá sọ ọ́ pé: "Àdúgbò òkè gáréèjì."

Ariwo sọ. Ìyàwó mẹkáníìkì ń sunkún, ó ń rẹ́rìn-ín. Onígbàjámọ̀ ń jó lórí àwọn aṣọ oníbàárà, kò sì sẹ́ni tó bá a wí.

Ìyá Báǹkì nìkan ni kò dìde. Ó ti gbé rédíò mọ́ etí, ó ń fọwọ́ kejì dá wọn lẹ́kun.

"Ẹ dákẹ́ ná! Ẹ̀yin èèyàn yìí, ẹ ò gbọ́ ni?" Omijé ń dà lójú rẹ̀. "Ó jáde. Ọmọ mi dìde, ó jáde!"