Omi Ẹ̀bá Àga Bàbá

Wọ́n ní ẹni tó bá da omi síwájú ni yóò tẹ ilẹ̀ tútù. Èmi da omi síwájú, mo dà á sẹ́yìn, mo tún dà á sábẹ́ àga, ilẹ̀ sì tutù títí pákó fi wú. Iṣẹ́ púlọ́ńbà ni mò ń ṣe. Òpin-jíjò ni àwọn oníbàárà mi ń pè mí, nítorí kò sí páìpù tó ń jò tí mo dé ìdí rẹ̀ tí kì í gbọ́ràn. Orúkọ náà dùn mọ́ mi débi pé mo kọ ọ́ sára ọkọ̀ mi. Ẹ fi í sọ́kàn bí ẹ ti ń ka ọ̀rọ̀ yìí lọ, kí ẹ lè ráyè fi mí rẹ́rìn-ín dáadáa.

Nígbà tí Bàbá mi wá ń gbé lọ́dọ̀ wa, mo ra àpótí onídígí ńlá kan, irú èyí tí wọ́n ń sin ẹja aláràbarà sí nínú pálọ̀, kí Bàbá lè rí nǹkan máa wò. Àlòkù ni. Igun kan ti ń ṣí díẹ̀, ẹni tó tà á fún mi sì ní kí n jẹ́ kí oníṣẹ́ dígí bá mi fi gọ́ọ̀mù tuntun lẹ̀ ẹ́. Mo wò ó tìkà-tẹ̀gbin. Èmi tí mò ń dá omi dúró fún gbogbo àdúgbò? Ọwọ́ ara mi ni mo fi lẹ̀ ẹ́. Ìyàwó mi, tó jẹ́ nọ́ọ̀sì, tí kì í sì í fi ọ̀rọ̀ sínú, ní, "A ń wá gbẹ́nàgbẹ́nà, ẹyẹ àkókó ń yọjú." Mo ní kó lọ wo àwọn aláìsàn rẹ̀.

A gbé àpótí náà lé orí kọ́bọ́ọ̀dù kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga Bàbá. Ilẹ̀ pálọ̀ wa, pákó dídán ni wọ́n fi tẹ́ ẹ. Ìyàwó mi fẹ́ràn pákó náà ju èmi lọ, n kò sì bá a jà sí i.

Kò pẹ́ tí a fi bẹ̀rẹ̀ sí í bá omi nílẹ̀ láàárọ̀. Kò pọ̀, ó kàn ń dán lẹ́bàá àga Bàbá, lójú ọ̀nà tí wọ́n ń gbà lọ sílé ìtọ̀. Èmi àti ìyàwó mi wo omi náà, a wo ara wa, a sì dákẹ́. Ẹ mọ irú ìdákẹ́ yẹn. Ta ló máa bi àgbà ní irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀?

"Ara ló ń dàgbà," ìyàwó mi sọ fún mi nínú yàrá, ní ohùn tó fi ń bá àwọn ẹbí aláìsàn sọ̀rọ̀. "À ń rí i níbi iṣẹ́ lójoojúmọ́. Ẹ má sọ nǹkan kan fún wọn o, ojú á tì wọ́n."

Ó dùn mí, nítorí Bàbá mi kì í ṣe ẹni yẹpẹrẹ. Ṣùgbọ́n kíá ni mo gbà. Ẹ̀rí ti pé: arúgbó rèé, omi rèé. Pé àpótí kan tó kún fún omi dúró sí ẹ̀gbẹ́ ibẹ̀, ìyẹn ò wá sí mi lọ́kàn rárá. Omi inú rẹ̀ ń fà lóòótọ́. Gbogbo ìgbà ni mo ń bu omi kún un, tí mo sì ń sọ fún ìyàwó mi pé àwọn ẹja yìí mà lè mu omi o. Púlọ́ńbà ló ń sọ bẹ́ẹ̀.

Pákó bẹ̀rẹ̀ sí í wú. Etí rẹ̀ ká sókè, bí a bá sì tẹ̀ ẹ́, á ké. Mo fi àkísà gbígbẹ fa omi rẹ̀, mo kọjú fáànù sí i, mo ṣí gbogbo fèrèsé. Mo tú díẹ̀ nínú pákó náà láti wo ìsàlẹ̀, mo bá ibẹ̀ tó tutù rinrin, mo sì tẹ́ ọ̀rá sí i. Gbogbo ohun tó yẹ kí èèyàn ṣe fún ilẹ̀ tó mu omi ni mo ṣe, àfi kí n wádìí ibi tí omi ti ń bọ̀.

Ìyàwó mi ra póò, ó rọra tì í sábẹ́ ibùsùn Bàbá láìsọ̀rọ̀. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, a bá póò náà lẹ́nu ọ̀nà yàrá tiwa, ó gbẹ, ó mọ́ lóló. Ìyàwó mi dá a padà. Bàbá tún gbé e wá.

"Ìgbéraga ni," mo ní. "Bàbá ò fẹ́ gbà." Mo sọ ọ́ bí ẹni tó mọ nǹkan.

Ìgbà tí ìyàwó mi kọsẹ̀ lára pákó tó ká sókè, tó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ fi ojú gbá ògiri, ni mo gbà pé ọ̀rọ̀ ti kọjá fáànù. Ilé ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, táìlì ni gbogbo ilẹ̀ ibẹ̀. Mo pè é, mo ní àárò rẹ̀ ń sọ Bàbá. Mo lọ bá Bàbá, mo ní àárò wọn ń sọ ẹ̀gbọ́n mi.

"Bàbá, ẹ ò ṣe lọ bá a gbé fúngbà díẹ̀?"

Bàbá wò mí. "Ṣé ìyẹn á jẹ́ kó rọrùn fún ẹ?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá."

"Kò burú."

Ó di ẹrù rẹ̀ fúnra rẹ̀. Lẹ́nu ọ̀nà, ó gbé ọwọ́ lé mi léjìká bí ẹni tó ń rẹ̀ mí lẹ́kún. Ó ṣe mí bíi kí n ní kó má lọ mọ́. N kò sọ bẹ́ẹ̀.

Ilẹ̀ mọ́, Bàbá ò sí nílé, omi sì wà nílẹ̀. Ìyàwó mi dúró tì í. Ó wo àga tó ṣófo, ó wá rọra yíjú sí mi, ojú nọ́ọ̀sì.

"Olówó orí mi," ó ní jẹ́jẹ́, "ṣé ẹ̀yin ni?"

Mo dojú bolẹ̀ wo abẹ́ kọ́bọ́ọ̀dù. Omi ń kán láti igun tí mo fi ọwọ́ ara mi lẹ̀, ó ń gba ara ẹsẹ̀ kọ́bọ́ọ̀dù sọ̀ kalẹ̀, ó sì ń tọ àlàfo pákó lọ sí ìdí àga Bàbá. Mo fi ìka kàn án, mo gbóòórùn rẹ̀. Ẹja ni. Imú yìí wà lójú mi látọjọ́ yìí.

A gbọ́n omi inú àpótí náà dà nù, a sì kó àwọn ẹja sínú póò, torí òun ló mọ́ jù nínú ilé. Ìyàwó mi rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀, lẹ́yìn náà ló bú sẹ́kún. "A lé Bàbá kúrò nílé," ó ní.

Mo bá Bàbá nílé ẹ̀gbọ́n mi, lórí àga ní iwájú ilé. Gbogbo ọ̀rọ̀ tí mo ti tò lójú ọ̀nà ló fọ́n ká.

"Bàbá, omi yẹn... ó ṣì wà nílẹ̀ láàárọ̀ yìí."

Bàbá fi ìka lé ètè. Ó rán ẹ̀gbọ́n mi pé kó lọ bu omi mímu wá fún mi, ó dúró kó wọlé tán, ó wá fà mí mọ́ra.

"Fọkàn balẹ̀. Mi ò sọ fún un. Mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni."

"Kí lẹ ò sọ fún wọn?"

"Pé o ti tún ń tọ̀lé." Ó rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀ sí i. "Nígbà tí o wà ní kékeré, èmi ni mò ń jí sá ẹní ẹ kí àwọn ẹ̀gbọ́n ẹ tó lajú, kí wọ́n má baà fi ẹ́ ṣe yẹ̀yẹ́. Mo rò pé ó ti lọ ni. Ìgbà tí mo rí i nílé ẹ, mo ń nù ún bí agbára mi ṣe mọ. Ìyàwó ẹ wá ń fi ojú àánú wò mí, mo jẹ́ kó máa rò pé èmi ni. Kí ló kù tí ojú fẹ́ tì mí sí? Ìwọ lo ṣì nílò kí ìyàwó bọ̀wọ̀ fún ẹ. Póò yẹn ni mo ń gbé wá fún ẹ, mi ò mọ̀ bóyá o lò ó."

Ojú tì mí débi pé n kò lè gbé orí sókè. Mo ń wo táìlì ẹ̀gbọ́n mi, ni mo bá sọ fún un pé àpótí ẹja ló ń jò.

"Èyí tí o fi ọwọ́ ara ẹ lẹ̀?"

"Òun ni, Bàbá."

Bàbá bú sẹ́rìn-ín. Ó ń pe "Òpin-jíjò", ó ń lu orúnkún, omi ń bọ́ lójú rẹ̀. Mo fẹ́ bá a rẹ́rìn-ín, àfi bí mo ṣe rí i pé ẹ̀rín náà ń kúrò lójú rẹ̀ díẹ̀díẹ̀.

"A jẹ́ pé ìwọ mọ̀ pé kì í ṣe ìwọ," ó ní. "Ta lo wá rò pé ó ń ṣe é?"

Ẹ̀gbọ́n mi ti ń gbé omi bọ̀. Irọ́ tó kọ́kọ́ bọ́ sí mi lẹ́nu ni mo pa.

"Ajá ni, Bàbá."

Bàbá mọ̀ dájú pé a ò ní ajá. Ó wò mí, ó wò mí. Ẹ̀gbọ́n mi gbé omi fún mi, ó béèrè pé ajá wo.

"Ajá ilé wọn," Bàbá dá a lóhùn kí n tó sọ̀rọ̀. "Ó ń tọ̀ sílẹ̀. Mo ní kí wọ́n má nà án, kò tíì gbọ́n ni." Ó dìde, ó sì wọlé lọ kó ẹrù rẹ̀.