Ohun Tó Wà Lápá Moríkẹ́

Ọmọ mẹ́fà ni Moríkẹ́ bí fún Fẹ̀hìntọlá, wòlíì ìjọ aláṣọ funfun kan létí òkun ní Etikan. Èyí tó bí kẹ́yìn fẹ́ẹ̀ gbẹ̀mí ẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ ń dà ṣọ̀ọ̀rọ̀ nígbà tí wọ́n gbé e sínú ọkọ̀ lọ sí Igbokoda, níbi tí Àràmídé, ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀ obìnrin, ti ń ṣe tíṣà. Ọmọ méjì péré ni Àràmídé bí.

Nígbà tí ara Moríkẹ́ yá, Àràmídé bi í pé, "Ṣé o fẹ́ kú ni?"

"Mo fẹ́ sinmi, Àǹtí. Àmọ́ wòlíì ní Ọlọ́run ní ká máa bí sí i."

Àràmídé fúnra rẹ̀ mú un lọ sọ́dọ̀ nọ́ọ̀sì. Wọ́n ki rọ́bà tín-ínrín kan bọ abẹ́ awọ apá rẹ̀ kó má baà lóyún.

Ọdún méjì kọjá. Ìjọ ń gbààwẹ̀ nítorí inú Moríkẹ́ tí kò wú. Lọ́jọ́ kan, bí tọkọtaya náà ṣe jọ ń sá ẹja, ọwọ́ Fẹ̀hìntọlá ba nǹkan líle lápá ìyàwó rẹ̀. Lọ́jọ́ Ìsinmi, ó mú un dúró níwájú ìjọ.

"Ta ló fi èyí sí ẹ lára?"

Moríkẹ́ wo Àràmídé, tí wọ́n fẹ́ fi joyè ìyá ìjọ lọ́jọ́ náà gan-an. "Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi sọ fún wọn."

"Mi ò mọ nǹkan kan nípa ẹ̀," Àràmídé dáhùn. "Ẹni tí kò kàwé, ibi tí wọ́n bá ní kó lọ náà ló ń lọ."

Wọ́n wọ́ Moríkẹ́ wọ yàrá ẹ̀yìn pẹpẹ. Abẹ ni Fẹ̀hìntọlá fi yọ rọ́bà náà. Ìjọ ń kọrin kí igbe má baà jáde. Àràmídé wà lára àwọn tó dì í mú mọ́lẹ̀. Promise, àkọ́bí Moríkẹ́, ń wò wọ́n láti ẹnu ọ̀nà.

Kò pẹ́ tí Moríkẹ́ fi lóyún. Ilé àgbẹ̀bí ìjọ ló kú sí, ọmọ yè. Ọpẹ́fólúwa ni bàbá sọ ọ́.

Àràmídé wá ṣọ̀fọ̀. Ó ní òun fẹ́ mú Promise lọ sí ilé ìwé ní Igbokoda.

"Ìwé ló pa ìyá ẹ̀," Fẹ̀hìntọlá ní. "Kó jókòó tọ́ àbúrò ẹ̀."

Àràmídé fa Promise sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. "Má bínú sí mi. Ẹ̀rù bàbá ẹ ló bà mí."

Promise gbé ọmọ pọ̀n, ó bọ́ sórí afárá pákó, ó lọ wá abiyamọ tí yóò fún un lọ́mú.