Eérú Tí Kò Tíì Tutù

Kí agogo mọ́kànlá òwúrọ̀ ọjọ́ kẹrìnlá tó lù, Ardith Kessel ti di ẹrù rẹ̀ tán. Ó ti ká àga tó máa ń nà síta, ó ti yọ òkúta tó fi há táyà, kọ́kọ́rọ́ sì ti wà lọ́wọ́ rẹ̀. Inú ọkọ̀ rẹ̀, tó ní ibùsùn àti ibi ìdáná, ló ń gbé láti ìgbà tí ọkọ rẹ̀ ti kú. Ọjọ́ mẹ́rìnlá péré ni òfin gbà kéèyàn lò lójú kan nínú igbó ìjọba. Bó bá ti di ọ̀sán gangan, àsìkò tirẹ̀ pé nìyẹn.

Lóṣù tó kọjá, táyà bẹ́ mọ́ ọn lọ́wọ́, ó fi ọjọ́ méjì kọjá àsìkò, ẹ̀ṣọ́ igbó sì já ìwé ẹ̀sùn fún un. Bí wọ́n bá já ẹ̀ẹ̀kejì, ọdún kan gbáko ni kò ní lè gbé inú igbó náà mọ́. Bẹ́ẹ̀ ni kò níbòmíràn tó lè gbé.

Bó ṣe fẹ́ wọkọ̀ ló gbóòórùn èéfín.

Ó wo ìsàlẹ̀, níbi tí àwọn ọ̀dọ́ kan pàgọ́ sí lópin ọ̀sẹ̀. Wọ́n ti lọ láàárọ̀. Òfin ti ka iná dídá léèwọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ oṣù, torí ewé páìnì tó bo ilẹ̀ ti gbẹ táútáú. Síbẹ̀, èéfín tín-ín-rín ń rú láàárín òkúta tí wọ́n tò yí ojú iná wọn ká, afẹ́fẹ́ sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í le.

Delmer, àgbàlagbà tó gbé ọkọ̀ tirẹ̀ sítòsí, ń lọ. Ó yọrí lójú fèrèsé.

"Ardith, gbéra. Ẹ̀ṣọ́ ti wà nísàlẹ̀ òkè, ó ń yẹ ibùdó wò níkọ̀ọ̀kan."

"Iná wà nínú eérú yẹn."

"Ṣé ìwọ lo dá a?"

"Èmi kọ́."

"Kí ló wá kàn ọ́ níbẹ̀? Bó bá bá ọ nídìí rẹ̀, ta ló máa gbà pé ìwọ kọ́? Ìyá mi pàápàá ò ní gbà ọ́ gbọ́."

"Ìyá rẹ ò gba ìwọ gan-an gbọ́ rí. Fún mi lómi."

"Táǹkì mi ti gbẹ. Bíà mẹ́ta ló kù."

"Máa gbé bíà rẹ lọ."

"Màá pe panápaná tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá ti wà nísàlẹ̀," Delmer ní, ó sì lọ.

Omi korobá méjì ló ṣẹ́ kù fún Ardith. Ó da ìkíní, eérú hó ṣìì, ẹyin iná sì yọjú lábẹ́ rẹ̀. Ó fi ṣọ́bìrì rò ó pọ̀, ó da ìkejì. Ó wá fi ẹ̀yìn ọwọ́ kàn án, bí ọkọ rẹ̀ ti kọ́ ọ: eérú tó bá ṣì gbóná, iná ibẹ̀ ò tíì kú. Ó jó o lọ́wọ́.

Afẹ́fẹ́ gbé ẹ̀ta iná kan, ó bọ́ sórí ewé páìnì. Ó sáré fi bàtà tẹ̀ ẹ́ pa.

Omi kan ṣoṣo tó kù ni omi ìfọbọ́ tó wà nínú táǹkì ìdọ̀tí lábẹ́ ọkọ̀. Èèwọ̀ ni kéèyàn da ìyẹn sílẹ̀ nínú igbó, ìlú ni wọ́n ń gbé e lọ dà. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́ ẹnu rẹ̀, ó gbọ́wọ́ lé e, kò ṣí i. Ìwé ẹ̀sùn kan péré ló kù kó di aláìnílé. Ẹ̀ta iná mìíràn tún fò.

Ó ṣí i.

Korobá kẹrin ló ń dà lọ́wọ́ nígbà tí ọkọ̀ ẹ̀ṣọ́ dúró. Tafoya ni, ẹni tó já ìwé tàkọ́kọ́ fún un. Ó wo aago rẹ̀.

"Màmá Kessel, agogo méjìlá ààbọ̀ ti lù."

"Mo mọ̀."

"Iná sì tún nìyí."

"Àwọn ọ̀dọ́ tó lọ láàárọ̀ ló dá a."

"Ohun tí gbogbo èèyàn ń sọ fún mi nìyẹn, mà." Ó bẹ̀rẹ̀, ó fa imú. "Kí ló ń rùn bí ọṣẹ báyìí?"

"Omi ìfọbọ́ mi ni. Omi gidi ti tán. Ẹ kọ ọ́ sínú ìwé yín."

"Ẹ̀yin fúnra yín lẹ tún ń jẹ́wọ́?"

"Ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n ni mo fi wa ọkọ̀ ọmọ iléèwé, Ọ̀gbẹ́ni Tafoya. Irọ́ tí mo gbọ́ níbẹ̀ ti tó mi."

Tafoya ò rẹ́rìn-ín. Ó bọ́ ìbọ̀wọ́, ó ti ọwọ́ bọ inú eérú, ó ń wá inú rẹ̀ káàkiri. Lójijì ló fa ọwọ́ náà yọ.

"Gbòǹgbò ń jó nísàlẹ̀. Ẹ gbé ṣọ́bìrì yẹn wá."

Wọ́n jọ gbẹ́ ẹ. Gbòǹgbò náà dúdú, orí rẹ̀ ṣì pọ́n, ó sì ti jó dé ìdajì ọ̀nà sí ìdí igi páìnì ńlá kan. Tafoya fa rọ́bà omi láti inú ọkọ̀ rẹ̀, ó rẹ ibẹ̀ títí ó fi di ẹrẹ̀. Lẹ́yìn náà ló mú ìwé jáde. Ó kọ ọ́ pẹ́. Ardith ń wo gègé rẹ̀ bó ṣe ń lọ.

"Iná yìí ò bẹ̀rẹ̀ lónìí," Tafoya ní. "Iná tí wọ́n dá láàárọ̀ ò lè jó wọ gbòǹgbò tó báyìí, ojú àgọ́ àwọn ọ̀dọ́ yẹn sì ṣì wà nílẹ̀ níbí. Ti omi ìfọbọ́, ìkìlọ̀ ni mo kọ. Kì í ṣe ẹ̀sùn."

"Àsìkò tí mo lò kọjá ńkọ́?"

"Òfin ni pé wọn kì í fi iná sílẹ̀ láìsí ẹni tó ń ṣọ́ ọ, títí eérú á fi tutù. Èmi ní ibùdó mẹ́fà níwájú. Ẹ̀yin lẹ máa ṣọ́ ọ." Ó gbé kẹ́ẹ̀gì omi méjì kalẹ̀. "Mo ti kọ ọ́ síbẹ̀ pé èmi ni mo dá yín dúró. Àmọ́ tí mo bá bá ọkọ̀ yín níbí lẹ́yìn agogo mẹ́jọ àárọ̀ ọ̀la, ẹ̀sùn ni, mà. N ò ní gbọ́ àlàyé."

"Agogo méje ni mo máa lọ."

Nígbà tó lọ tán, Ardith tún àga rẹ̀ nà, ó gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ òkúta náà, ó jókòó. Ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ kan ẹrẹ̀ eérú.

Ó ṣì lọ́ wọ́ọ́rọ́. Ó fa kẹ́ẹ̀gì sún mọ́ra.