Fọ́ọ̀mù Abẹ́ Búrẹ́dì

Títí láé. Ṣé obìnrin yẹn tilẹ̀ gbọ́ ohun tó ń tẹnu rẹ̀ jáde? Ó ń rẹ́rìn-ín ni o. Mísíìsì Hatcher, olùdámọ̀ràn Delphia ọmọ mi níléèwé girama. "Màákì tí Delphia bá gbà ní kọ́lẹ́ẹ̀jì á wà lórúkọ ẹ̀ títí láé, mà." Bíi pé oúnjẹ ọ̀sán ló ń kéde.

Aago mẹ́ta ni fọ́ọ̀mù kọ́lẹ́ẹ̀jì tí mo ní láti fọwọ́ sí gbọ́dọ̀ dé ọwọ́ rẹ̀. Aago méjì ti lù. Mo jókòó sínú ọkọ̀ mi níwájú iléèwé, fọ́ọ̀mù wà lórí itan mi, lábẹ́ ọwọ́ tó ń gbé àwọn arúgbó dìde lórí ibùsùn lójoojúmọ́ níbi iṣẹ́.

Ọ̀nà méjì péré. Kí ọmọ mi dúró sí kíláàsì Ọ̀gbẹ́ni Pruitt níléèwé girama níbí, kó ṣe ìdánwò ńlá kan ṣoṣo nínú oṣù karùn-ún. Tó bá yege, kọ́lẹ́ẹ̀jì á kà á fún un. Tó bá fìdí rẹmi, kò sẹ́ni tó máa gbọ́. Tàbí kó sọ̀ kalẹ̀ lọ bá àwọn àgbà jókòó ní kọ́lẹ́ẹ̀jì fúnra rẹ̀, Túsìdeè àti Tọ́sìdeè, láti ìsinsìnyí. Kò ní ṣe ìdánwò yẹn. Ṣùgbọ́n gbogbo àṣìṣe rẹ̀ á wọ ìwé — bí yìnyín bá dí ọ̀nà òkè wa, bí ara rẹ̀ ò bá yá —

Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún. Lánàá ló gbàgbé bàtà sínú bọ́ọ̀sì. Ẹsẹ̀ kan.

"Màmá, mo lè ṣe é," ló wí láàárọ̀. Ó ti fi bírò pupa yí nǹkan kan ká lórí fọ́ọ̀mù náà. Mi ò wò ó. Mo mọ ohùn yẹn. Èmi náà ní in rí —

Rárá. Kì í ṣe ìyẹn ni mò ń rò.

Wọ́n ní àǹfààní ni. Àǹfààní ta ni? Wọ́n fẹ́ lẹ àwòrán rẹ̀ mọ́ ògiri ni: ẹ wá wo ọmọ ìdílé awakùsà tó ń lọ kọ́lẹ́ẹ̀jì. Tó bá ṣubú, wọ́n á yọ àwòrán. Ta ló máa yọ màákì?

Ta ló yọ tèmi?

Kọ́lẹ́ẹ̀jì kan náà ni. Eruku èédú ti jẹ ẹ̀dọ̀fóró bàbá mi, mo ní láti tọ́jú wọn, mi ò lọ mọ́. Mo rò pé ẹni tí kò lọ mọ́ ti kúrò nìyẹn. Wọn kì í ṣe é bẹ́ẹ̀. Ìwé kan wà téèyàn ń fọwọ́ sí kí wọ́n tó yọ orúkọ rẹ̀. Wọ́n fi ránṣẹ́ sílé. Mo rí i. Ẹ̀rù bà mí, mo tì í sábẹ́ búrẹ́dì lórí tábìlì… Wọ́n fún mi ní F mẹ́rin, màákì ẹni tó fìdí rẹmi. Lẹ́yìn ọdún mẹ́sàn-án, tí mo fẹ́ kọ́ṣẹ́ nọ́ọ̀sì, wọ́n fi hàn mí. "Èyí ńkọ́, mà?"

Láti ìgbà yẹn ni mo ti ń sọ pé kọ́lẹ́ẹ̀jì ló bà mí láyé jẹ́. Mo sọ ọ́ fún Delphia láti kékeré. Àmọ́ ìwé kan ni mi ò —

Aago mẹ́ta ku ogún ìṣẹ́jú. Fọ́ọ̀mù ò sí lórí itan mi mọ́. Nígbà wo ni…

Ó wà lórí àga ẹ̀gbẹ́ mi. Lábẹ́ búrẹ́dì oúnjẹ ọ̀sán mi. Ọwọ́ mi ló gbé e síbẹ̀.

Mo fà á yọ. Bírò pupa. *Ọjọ́ ìkẹyìn tí akẹ́kọ̀ọ́ lè yọ orúkọ ara rẹ̀ láìgba màákì.*

Ó ti kà á. Ọmọ tó gbàgbé bàtà sínú bọ́ọ̀sì ti ka ibi tí èmi ò lè wò.

Bírò… níbo ni mo fi bírò sí?