Ẹ̀rọ Koríko, Ẹ́ńjìnnì Ata

"Ó tún ti tú!" Mutolib pàtẹ́wọ́, ó bú sẹ́rìn-ín. "Ìyàwó wa, pàǹtí irin ni nǹkan yìí. Jẹ́ kí àwọn onírin gé e kí wọ́n máa kó o lọ."

Koríko gbígbẹ tí ẹ̀rọ náà ṣẹ̀ṣẹ̀ dì ti fọ́n ká sílẹ̀. Karimot pa ẹ́ńjìnnì, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fa okùn ọ̀rá jáde. Inú ń bí i gan-an. Ó dàgbà ju Mutolib lọ dáadáa, ṣùgbọ́n àbúrò ọkọ rẹ̀ ni, nítorí náà "Bọ̀dá" ló gbọ́dọ̀ máa pè é.

Mùkáílà ọkọ rẹ̀ ló ra ẹ̀rọ tó ń di koríko ní ìdì-ìdì náà ní àlòkù ní Òwódé Onírin, ó gbé e wá sí etí odò Ajégúnlẹ̀ níbi tí wọ́n ti ń sin àgbò, ó sì kú kó tó lò ó rárá. Àwọn àgbà mọ̀lẹ́bí wá sọ pé bí Karimot bá mú un ṣiṣẹ́ kí odò tó kún bo koríko tí àwọn àgbò ń jẹ, kó máa lò ó, kó máa sin àgbò náà lọ. Bí kò bá lè ṣe é, kí Mutolib ta ẹ̀rọ àti àgbò. Lójú Mutolib, ó ti tà wọ́n tán. Onírin méjì ló kó dání, pẹ̀lú gáàsì tí wọ́n fi ń gé irin.

Níbo ni Karimot yóò ti rí katakata tí yóò máa fa irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀? Ẹ́ńjìnnì tó fi ń lọ ata ní Kétu ló tú wá. Àwọn oníbàárà rẹ̀ ti ń gbé ata wọn lọ sọ́dọ̀ ẹlòmíì, ó sì ń dùn ún.

Ó fi ìka fa okùn ọ̀rá náà. Okùn náà ń yọ̀ bọ́ lọ́wọ́. Okùn tí wọ́n fi ń di àpò àlùbọ́sà ní Mile 12 ni, kò sẹ́ni tí kò yìn ín fún un. Bí ẹ̀rọ bá ta kókó báyìí, kókó á yọ̀ tú. Ó wọ inú ọgbà àgbò, ó gbé okùn onírun tí kì í yọ̀, èyí tí wọ́n fi ń so ẹran, jáde.

"Kí lo tún fẹ́ ṣe? Àwọn èèyàn yìí ní ibi tí wọ́n ń lọ."

"Ẹ ní kí wọ́n jókòó, Bọ̀dá. Ilẹ̀ pọ̀."

"Ẹnu ẹ ti mú jù. Bọ̀dá mi ló bà ẹ́ jẹ́."

"Ẹ fi òkú sílẹ̀."

Ó fi okùn tuntun sí i, ó yí ẹ́ńjìnnì títí ó fi dún. Èéfín tó ń ta bí ata bolẹ̀, ọ̀kan nínú àwọn onírin bẹ̀rẹ̀ sí í sín. Ẹ̀rọ gbá koríko mú, ó tẹ̀ ẹ́, ó ta kókó, ó tì í jáde. Karimot fi okùn gbé ìdì náà sókè, ó là á mọ́lẹ̀. Kò tú. Èkejì náà kò tú.

"Mummy, e don work o!" ni onírin náà kígbe.

Ojú Mutolib kọ́kọ́ fà ro, lẹ́yìn náà ó rẹ́rìn-ín, ó fa fóònù yọ, ó pe ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan. "Success, ọ̀rẹ́ mi, máa bọ̀. Ìwọ ni wàá máa lo ẹ̀rọ kan fún mi. Lónìí, bẹ́ẹ̀ ni." Ó kọjú sí Karimot. "Ìyàwó, o ṣé. Lọ sinmi. Iṣẹ́ ọkùnrin nìyí, a ó máa fún ẹ ní tìẹ."

"Ohun tí àwọn àgbà sọ kọ́ nìyẹn."

"Ilé wa ló ni ẹ̀rọ. Ìwọ ló ni ín ni?"

Omijé bọ́ lójú Karimot, kò sì fi pamọ́. "Òótọ́ ni. Ẹ̀yin lẹ ni ẹ̀rọ."

Ó pa ẹ́ńjìnnì. Ó yọ bẹ́líìtì, ó fi kọ́ èjìká, ó mú sípánà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í tú àwọn nọ́ọ̀tì.

"Kí lò ń ṣe yẹn?"

"Mò ń kó ẹrù mi. Ìyá mi ló ra ẹ́ńjìnnì yìí fún mi kí n tó mọ ilé yín. Ọjọ́ tí àwọn àgbà bá jókòó, tí ẹ sọ ohun tí ẹ sọ yìí níwájú wọn, kí wọ́n wá bá mi ní ṣọ́ọ̀bù ní Kétu." Ó yíjú sí àwọn onírin. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi gbé e."

Àwọn yẹn wo Mutolib, wọ́n wo Karimot, wọ́n sì bá a gbé e. Nínú ọgbà, àwọn àgbò ń ké. Karimot fẹ́rẹ̀ẹ́ padà.

"Àwọn àgbò ńkọ́?" Mutolib pariwo. "Odò ń kún bọ̀! Kí ni wọ́n máa jẹ?"

"Ẹ bi Success," ni Karimot wí, ó sì ń lọ.