Èyí Tó Ń Rẹ́rìn-ín Létí Odò Mónò

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fọwọ́ kàn án!"

Ọwọ́ Táyé ti kàn án ná. Ìka rẹ̀ ti wà lára gíláàsì, ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọmọdébìnrin kan tó ń rẹ́rìn-ín débi pé gbogbo eyín ẹnu rẹ̀ ló hàn síta. Ó fa ọwọ́ sẹ́yìn.

Carine lorúkọ ọmọ tó kígbe mọ́ ọn. Òun ló ń bójú tó àwọn fọ́tò inú gbọ̀ngàn àfihàn kan ní Kodjoviakopé, ní Lomé. Ọmọ Atakpamé ni bàbá rẹ̀, ìyẹn ló jẹ́ kó lè fi Yorùbá bá àgbàlagbà sọ̀rọ̀. Ó sún mọ́ Táyé, ó rẹ ohùn sílẹ̀.

"Ẹ má bínú, Màmá. Ṣé ẹ mọ̀ wọ́n ni?"

"Ìkejì mi nìyẹn," ni Táyé wí. "Kẹ́hìndé mi."

Ohun tó gbé e wá láti Hanoukopé nìyẹn, lórí ọ̀kadà zémidjan, pẹ̀lú itan tó ń dun ún. Láti ìgbà tí ìyá rẹ̀ ti kú ni fọ́tò yìí gan-an, èyí tí kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ, ti wà lára ògiri yàrá rẹ̀: ìbejì létí odò Mónò, wọ́n wọ aṣọ kan náà, ọ̀kan fajú ro, ọ̀kan ń rẹ́rìn-ín. Òun ló fajú ro. Láàárọ̀, kó tó kí ẹnikẹ́ni, Kẹ́hìndé ló máa ń kọ́kọ́ kí. Ta ni ì bá tún kí? Ọkọ ti kú. Ọmọ kan ṣoṣo tó bí, Rodrigue, wà ní Libreville, ó ń pè é lọ́jọ́ Àìkú bí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá gbà fún un. Nígbà tí ikán wá wọ ògiri, tí wọ́n jẹ fọ́tò náà ku férémù lásán, ẹkún tí obìnrin yìí sun, kò sun irú rẹ̀ fún ọkọ rẹ̀. Ikán mà burú o! Wọn ò mọ ohun tí èèyàn fi ń ṣọ̀ṣọ́ yàtọ̀ sí ohun tó fi ń mí.

Ohun tó wá dẹ́rù bà á ni pé ẹ̀rín Kẹ́hìndé ti ń pòórá mọ́ ọn lójú. Tó bá dijú, á rí aṣọ, á rí omi, kò ní rí ojú. Àfi lọ́sẹ̀ tó kọjá tí Nathalie, alábàágbé rẹ̀, na fóònù sí i. "Màmá, ṣé kì í ṣe fọ́tò yín tí ikán jẹ nìyí?" Fọ́tògíráfà kan wà láyé àtijọ́ tó máa ń gun kẹ̀kẹ́ káàkiri àwọn abúlé etí odò. Àwọn ọmọ rẹ̀ ló kó fíìmù bàbá wọn jáde, tí wọ́n tẹ̀ ẹ́ tóbi tóbi sára ògiri gbọ̀ngàn yìí: àwọn apẹja, àwọn tó ń fọṣọ, àwọn abúlé tí omi dáàmù tí wọ́n fi sé odò ti bò mọ́lẹ̀. Abúlé tí wọ́n bí Táyé sí wà nínú wọn.

Carine pàtẹ́wọ́. "Ẹ̀yin ìbejì yìí náà nìyí? A ti ń wá yín! Kò sórúkọ kankan lábẹ́ fọ́tò yìí. Kẹ́hìndé ńkọ́, Màmá? Ṣé ẹ lè pè wọ́n wá?"

"Ó lọ sọ́jà," ni Táyé dáhùn.

Bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ nìyẹn, wọn kì í ní ìbejì kú. Carine gbọ́ Yorùbá débẹ̀. Ó fa àga oníke kan fún un, ó sì lọ wá ohun ìkọ̀wé.

Táyé jókòó, ó bẹ̀rẹ̀ sí í wo Kẹ́hìndé ní àwòyó. Láti kékeré ni ìyá wọn ti máa ń na ìka sí fọ́tò náà pé, "Wò ó bó ṣe ń rẹ́rìn-ín. Ìwọ, ìfajúro ni tìrẹ." Ìyá ọ̀hún fúnra rẹ̀, Táyé ò rí eyín rẹ̀ rí. Ó sì ti pẹ́ tó ti gbà lọ́kàn ara rẹ̀ pé ọmọ tó dùn ún bí ló lọ, èyí tí kò dùn ún wò ló ṣẹ́kù. Ọ̀rọ̀ yẹn ló gbé wọ ilé ọkọ, òun náà ló gbé dàgbà.

Ojú rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ dé ẹsẹ̀ ọmọ tó ń rẹ́rìn-ín. Aṣọ funfun kan wà tí wọ́n fi di ojúgun rẹ̀ ti òsì.

Fọ́tò kékeré ilé ò gbé irú èyí hàn. Táyé wo ọmọ kejì, èyí tó fajú ro. Aṣọ funfun, ojúgun òsì, kókó kan náà. Ó ká etí ìró rẹ̀ sókè díẹ̀. Àpá náà ṣì wà níbẹ̀. Omi gbígbóná ló bó o lẹ́yìn tí Kẹ́hìndé ti lọ. Ìyá rẹ̀ ò yé sọ ọ́ pé ẹkún ni kò jẹ́ kí òun di ìkòkò mú dáadáa. Nígbà tí omi yẹn fi bó ẹnikẹ́ni, ọmọ kan ṣoṣo ló kù nílé.

Ó ti gbọ́ ọ rí, pé ìyá ìbejì tí ọ̀kan lọ a máa bẹ fọ́tògíráfà. Fọ́tògíráfà á bo ìdajì ojú kámẹ́rà, á ya ọmọ tó kù lápá òsì, á sún un sápá ọ̀tún, á tún un yà, á wá dà bí ẹni pé àwọn méjèèjì ló dúró. Ó gbọ́ ọ, ó ní ó mà ṣe o. Kò mọ̀ pé ìyá tòun náà ṣe é.

Kò sí fọ́tò Kẹ́hìndé láyé nígbà náà. Kò tilẹ̀ sí rí. Ara rẹ̀ ló ti ń kí láàárọ̀ láti ọdún gbọ́nhan. Yéè! Òun nìkan náà ló wà, títí dé inú fọ́tò. Omi lé ròrò sí i lójú, ó sì jẹ́ kó máa ṣàn. Ta ló mọ̀ ọ́n níbẹ̀ tí yóò máa tijú fún?

Carine dé pẹ̀lú káàdì funfun àti bíìkì. "Màmá, ó ti yá. Èwo ni Táyé, èwo ni Kẹ́hìndé?"

Táyé lanu láti sọ òótọ́, pé èmi ni, èmi náà ni. Ṣùgbọ́n bí a bá ń sunkún, à á máa ríran. Nísàlẹ̀ pátápátá, níbi tí wọ́n ti gé kúrò lára ti ilé, òjìji wà lórí iyanrìn. Lápá òsì, níwájú èyí tó fajú ro, òjìji ọkùnrin tó tẹ̀ mọ́ kámẹ́rà nìkan ló wà. Lápá ọ̀tún, níwájú èyí tó ń rẹ́rìn-ín, òjìji di méjì. Ti obìnrin ni èkejì, gèlè lórí, ó na apá méjèèjì sókè, ó gbé ẹsẹ̀ kan nílẹ̀, ó tẹ ìbàdí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan bí ẹni orí rẹ̀ ò pé. Ọmọ tó ń rẹ́rìn-ín ò wo kámẹ́rà. Ẹni tó ń jó yẹn ló ń wò.

Ìyá rẹ̀ ni. Ìyá tí kì í rẹ́rìn-ín, tí ọ̀fọ̀ ò tí ì gbẹ lára rẹ̀, ló ń jó bí wèrè létí odò lójú àlejò, kí ọmọ tó kù lè yá ọmọ tó lọ ní ẹ̀rín.

"Màmá?" ni Carine wí.

Táyé fi etí ìró nu ojú. Ó tọ́ka sí èyí tó fajú ro.

"Táyé nìyí. Èyí tó ń rẹ́rìn-ín yìí, Kẹ́hìndé ni." Ó dúró kí Carine kọ ọ́ tán. Lẹ́yìn náà ló na ìka sí òjìji tó wà nísàlẹ̀. "Kọ ìyá wa náà sí i. Àbẹ̀ní lorúkọ wọn. Àwọn ló ń pa á lẹ́rìn-ín."