Àyè Ọ̀gá

Bàbá Awakọ̀ ti sọ ọ́ tipẹ́, kò sì ní yí ohùn padà: ọkùnrin tí kò bá ní mọ́tò kò tíì ṣe tán tí yóò gbéyàwó. Nílùú tirẹ̀, ẹni tí kò rí já jẹ ló ń wọ bọ́ọ̀sì. Mọ́tò ọ̀gá kan ni òun wà títí orí àwọn méjèèjì fi funfun, mọ́tò dúdú tó ń dán gbinrin. Bó bá sì ń kọjá níwájú àwọn tó tò sí ibùdókọ̀, àánú wọn a máa ṣe é.

Ẹ wá wo bí ara ṣe ta á lọ́jọ́ tó dé orílẹ̀-èdè tí ọmọ rẹ̀ obìnrin ń gbé. Dókítà eyín tó fẹ́ fẹ́ ọmọ náà ló wá pàdé rẹ̀. Ó kí i tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, ó gba àpótí lọ́wọ́ rẹ̀, ló bá lọ dúró sí ibùdókọ̀.

"Mọ́tò rẹ ńkọ́?"

"Mi ò ní, bàbá. Bọ́ọ̀sì là ń wọ̀ níbí. Ọ̀gá mi gan-an, bọ́ọ̀sì la jọ máa ń wọ̀ lọ síbi iṣẹ́."

Bàbá wò ó tòkètilẹ̀. Àbí eyín kì í dun àwọn ará ìlú yìí ni? Ọmọ rẹ̀ ti ní bí bàbá òun bá kọ ọkùnrin yìí, òun náà kọ̀ ọ́ nìyẹn. Bàbá ti kọ̀ ọ́ nínú ọkàn rẹ̀. Ó ku kí wọ́n délé kó sọ ọ́ síta.

Bọ́ọ̀sì dé. Ọ̀dọ́mọbìnrin kan ló ń wà á, Bàbá sì jókòó gẹ́lẹ́ sẹ́yìn rẹ̀. Ó jókòó lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ rẹ̀ kò jókòó. Bí mọ́tò iwájú bá ti rọra, á tẹ ilẹ̀ mọ́lẹ̀ gìdì. "Búrékì! Tẹ̀ ẹ́!" Bí wọ́n bá fẹ́ yà, "Wo dígí ẹ o!" Wọ́n ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́, ṣùgbọ́n orí ọmọ yìí dúró dáadáa, ẹnikẹ́ni ò sì pe àgbà.

Ibi tí wọ́n ti dúró ló burú jù. Kí ilẹ̀kùn tó ṣí, Bàbá ti fò dìde lọ síbẹ̀, ó tẹ ẹ̀yìn ba díẹ̀. "Ẹ rọra o, ẹ rọra." Obìnrin kan rò pé òṣìṣẹ́ bọ́ọ̀sì ni, ló bá gbé báàgì fún un. Bàbá gbà á, ó tún gbọn eruku ara báàgì náà nù.

Dókítà eyín di ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀ mú jẹ́jẹ́. "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká lọ jókòó lẹ́yìn."

"Ẹ̀yìn ibi tí ọ̀gá ń jókòó?"

"Ẹ ti gbé èèyàn tó. Ẹ jẹ́ kí wọ́n gbé ẹ̀yin náà."

Láràárọ̀ ni Bàbá ń nu ìjókòó ẹ̀yìn mọ́tò ọ̀gá, kò sì fi ìdí kàn án rí. Mọ́tò tó fi ń yangàn láti ọjọ́ yìí wá, mọ́tò onímọ́tò ni. Ojú tì í, ó sì dùn ún.

Ó lọ sẹ́yìn, ó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, ó gbé ẹsẹ̀ kan lé ìkejì, ó sì wúkọ́ bí ọ̀gá ṣe máa ń wúkọ́. Ó wo ìta. Igi pọ̀ tó báyìí lẹ́bàá ọ̀nà? Awakọ̀ kì í ráyè wo igi. Ó rí aṣọ lórí okùn, ó rí bàbá arúgbó kan tó ń bá ajá rẹ̀ jà, ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kò tẹ nǹkan kan mọ́.

Fóònù dún. Ọmọ rẹ̀ ni. "Bàbá mi, oúnjẹ ti jinná o. Ibo lẹ dé? Báwo lẹ ṣe rí i?"

Bọ́ọ̀sì dúró, ilẹ̀kùn sì ṣí fúnra rẹ̀. Dókítà eyín tẹjú mọ́ bàtà ara rẹ̀. "Bàbá, ibi tá a ti máa sọ̀ rèé," ló wí.

Bàbá ò mira.

"Ọkọ ẹ ní ká sọ̀ kalẹ̀," ló wí sínú fóònù, "ṣùgbọ́n èmi ṣì ń lọ. Bo oúnjẹ náà dè wá."